Abẹ́rẹ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta: ìdáhùn mi fún mátírọ́ọ̀nù kan n'Ìbàdàn

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mátírọ́ọ̀nù ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Ìbàdàn. Nọ́ọ̀sì mẹ́rìnlá ló wà lábẹ́ mi. Méjìlélógún ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àwọn yòókù ti lọ sí ìlú Ọba. Lóṣù tó kọjá, aláìsàn kan gba abẹ́rẹ́ gentamicin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí méjì. Nọ́ọ̀sì ọ̀sán ti fún un, wọ́n sì pè é sí yàrá ìgbẹ̀bí kó tó fọwọ́ sí ṣáàtì. Bí nọ́ọ̀sì òru ṣe dé, ó tún fún un. Ọlọ́run bá wa ṣe é, nǹkan kan ò ṣe aláìsàn náà. Ohun tó dùn mí ni pé nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ọjọ́ kẹta ni mo tó gbọ́, lẹ́nu ìyàwó aláìsàn. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí, ọwọ́ ọ̀tún mi ni tẹ́lẹ̀. Ó ti tó oṣù kan báyìí tí kì í rẹ́rìn-ín mọ́, ó máa ń pẹ́ dé, wọ́n sì ti bá a níbi tó ti ń sunkún ní yàrá tí a ń kó oògùn sí. Ọ̀gá wa ní kí n ṣètò ọjọ́ ìlera ọpọlọ kan, ká pe ẹnì kan wá bá wọn sọ̀rọ̀, ká sì pín ẹ̀wù tí a kọ nǹkan sí láyà fún wọn. Ṣé ìyẹn á tó? Lóòótọ́, mo máa ń bá wọn wí kíkankíkan, àmọ́ nítorí ẹ̀mí aláìsàn ni."

Ẹ kú làálàá, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó mú bírò. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Kò sí ilé ìwòsàn tí àṣìṣe abẹ́rẹ́ kì í ṣẹlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ gentamicin jù mí lọ: bó bá pọ̀ lára, kíndìnrín àti etí ló máa ń bá jà. Ká ní ẹ gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà ni, ẹ ò bá pe dókítà, kí ẹ dá abẹ́rẹ́ tó kàn dúró, kí ẹ sì yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà wò. Ènìyàn mẹ́ta tó kàwé, tí wọ́n mọ ewu inú ọ̀rọ̀ náà dáadáa, gbé e mọ́ra fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, torí pé ẹ̀rù yín bà wọ́n ju ẹ̀rù ohun tó lè ṣe aláìsàn lọ. Mo mọ̀ pé gbólóhùn yìí máa dùn yín. Bí ọ̀rọ̀ wọn ò bá jẹ yín lógún, ẹ ò bá má kọ̀wé sí mi rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́ fún yín.

Nọ́ọ̀sì ni èmi náà kí n tó lọ kọ́ nípa ìlera ọpọlọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo rí síṣítà àgbà kan níbi tó ti ń fa oògùn tí kì í ṣe ti aláìsàn tó fẹ́ fún. Mo rí orúkọ lára ìgò náà kedere. Àmọ́ ọjọ́ méjì ṣáájú ni síṣítà yìí ti bi mí níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù pé ta ló gbà mí sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo la ẹnu, mo sì tún pa á dé. Dókítà ló wọlé lásìkò náà, òun ló rí i. Ó ti pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbàgbé bí ẹnu mi ṣe wúwo lọ́jọ́ yẹn. Torí náà, mi ò lè bá yín dá àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn lẹ́bi ní kíákíá.

Ìwádìí kan wà tó jẹ́ pé inú wọ́ọ̀dù bíi tiyín gan-an ló ti wáyé. Obìnrin kan, Amy Edmondson, tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Harvard nígbà náà, wádìí àṣìṣe oògùn ní ẹ̀ka mẹ́jọ nínú ilé ìwòsàn méjì l'Amẹ́ríkà. Ohun tó ń retí ni pé níbi tí wọ́n bá ti mọ iṣẹ́ ṣe pọ̀, tí ọ̀gá wọn sì dáńtọ́, àṣìṣe á kéré níbẹ̀. Nígbà tó ka iye rẹ̀, àwọn ẹ̀ka tó dára jù ni àkọsílẹ̀ àṣìṣe wọn pọ̀ jù. Orí rẹ̀ dàrú. Ìgbà tí wọ́n wá wo bí nǹkan ṣe ń lọ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló tó yé e. Níbi tí ọ̀gá ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ àṣìṣe wọn, wọ́n sì ń tún un ṣe kó tó di ewu. Níbi tí ọ̀gá ti ń fojú ẹjọ́ wo ènìyàn, wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ọdún 1996 ni ìwádìí náà jáde. Ní 1999 ó tún gbé òmíràn jáde lórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 51 nínú ilé iṣẹ́ kan, ohun kan náà ló sì rí. Èmi máa ń pe ohun tó ń sọ yìí ní ìfọ̀kànbalẹ̀ láti sọ̀rọ̀: kí òṣìṣẹ́ mọ̀ dájú pé bí òun bá ní "mo ṣàṣìṣe", tàbí "kò yé mi", tàbí "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò, mà", wọn ò ní fi òun ṣẹ̀sín, wọn ò sì ní torí ẹ̀ fìyà jẹ òun.

Ẹ lọ wo ìwé àṣìṣe wọ́ọ̀dù yín. Bí ojú ewé rẹ̀ bá funfun báláú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ má tíì yọ̀.

Àwa tí a bí nílẹ̀ yìí tún ní ẹrù tiwa tí a gbé wá láti ilé. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í já àgbà nírọ́. Kódà bí àgbà bá ṣì í sọ, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni ká ní "bóyá mi ò gbọ́ dáadáa ni o, mà". Mi ò bá ọ̀wọ̀ jà, mo fẹ́ràn rẹ̀. Kíkúnlẹ̀ kí ọ̀gá kò dí ẹnu ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń dí ẹnu ni kí ọmọ fi ìtẹríba mú ọ̀rọ̀ wá, kí àgbà sì fi èébú dá a lóhùn. Àwọn tó kọ́ wa ní ìkúnlẹ̀ náà ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n tún ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nílé ìwòsàn, tara aláìsàn ló ń bá a dákẹ́.

Ẹ má rò pé ilẹ̀ Yorùbá nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, ní erékùṣù Tenerife tó jẹ́ ti Sípéènì, bàálù ńlá méjì forí sọra nínú kùrukùru lórí ilẹ̀ pápá ọkọ̀ òfuurufú, ènìyàn 583 sì kú. Ọ̀kan jẹ́ ti KLM, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Netherlands, èkejì ti Pan Am, ti Amẹ́ríkà. Awakọ̀ KLM náà kì í ṣe ọmọdé lẹ́nu iṣẹ́, òun ló ń kọ́ àwọn awakọ̀ yòókù ní ilé iṣẹ́ wọn. Bó ṣe ń sáré lọ láti gbéra, ẹnjiníà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ béèrè pé ṣé bàálù Pan Am yẹn kò tíì kúrò lójú ọ̀nà ni. Awakọ̀ fi ìdánilójú dá a lóhùn pé ó ti kúrò. Ẹnjiníà náà kò tún sọ nǹkan mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ti parí. Ẹ wo bí ìbéèrè yẹn ṣe rọ̀ tó: ọkùnrin yẹn ti rí ewu, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè, bí àwọn nọ́ọ̀sì yín ṣe máa ń béèrè. Ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìmọ̀ òfuurufú, pe àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú jọ lórí irú jàǹbá báyìí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe lè sọ̀rọ̀ kó wọ ọ̀gá létí, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ̀gá ní gbígbọ́. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ṣe é, wọn ò fi sílẹ̀ pé kí ẹni tó bá nígboyà sọ̀rọ̀.

Ẹ ti wá rí ibi tí mò ń lọ. Wọ́ọ̀dù yín kò ní yí padà nítorí ẹni tí ẹ bá pè wá sọ̀rọ̀. Ìgbà tí ẹnì kan bá tún mú ìròyìn burúkú wá bá yín, gbólóhùn tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín ni gbogbo wọn máa fi mọ̀ bóyá nǹkan ti yàtọ̀. Ẹ múra rẹ̀ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, torí pé nígbà tí ara bá ń gbóná, ohun tó ti mọ́ ẹnu lára ló ń jáde. Mo máa ń ní kí àwọn ọ̀gá fi ẹnu wọn tún un sọ léraléra nílé: "O ṣeun tó o tètè sọ fún mi. Báwo ni aláìsàn?" Lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti wà ní àlàáfíà, ẹ wá béèrè pé: "Kí ló ń lọ lọ́wọ́ kó tó ṣẹlẹ̀?" Ẹ jẹ́ kí "ta ló ṣe é?" gbẹ̀yìn. Bí ìdáhùn sí ìbéèrè kejì bá pé, ẹ máa rí i pé "ta ni" kì í sábà ní ìtumọ̀ kankan mọ́.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yín yẹ̀ wò báyìí. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ wọ́ọ̀dù, òun náà ni wọ́n pè sí yàrá ìgbẹ̀bí. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bírò kò sì tíì kan ìwé. Èyí tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wo ṣáàtì, kò rí àmì kankan níbẹ̀, ó sì ṣe ohun tí ṣáàtì ní kó ṣe. Bí ẹ bá lé àwọn méjèèjì lọ lónìí, tí ẹ gba méjì mìíràn, àwọn náà á ṣe é. Ohun tó ń fẹ́ àtúnṣe ni pé wọ́n ń já nọ́ọ̀sì gbà kúrò nídìí abẹ́rẹ́ kó tó parí rẹ̀. Ẹ lè fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe nọ́ọ̀sì tó bá mú àwo oògùn dání, àfi tí ẹ̀mí bá fẹ́ bọ́, àti pé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí ṣáàtì. Ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ máa fi ṣe ìyẹn, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Mi ò sọ pé kí ẹ má báni wí mọ́. Ẹni tó bá mutí wá síbi iṣẹ́, tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ yí ìwé padà, ẹ fún un ní kúẹ́rì, kẹ́jọ́ rẹ̀ sì lọ bó ṣe yẹ. Àmọ́ ẹ má fi ìdájọ́ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe dá ẹni tó ṣèèṣì lẹ́jọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ pè é wọ ọ́fíìsì. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan: ṣé ẹ máa ń bá wọn wí lórí WhatsApp ilé iṣẹ́? Ẹ ò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí i ní ọ̀pọ̀ ibi, ní aago mẹ́wàá alẹ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó jẹ̀bi, níṣojú àwọn tí ẹni náà jù lọ. Ẹni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí kò ní sùn, ẹni tó kà á náà sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń ṣe é, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí.

Nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ṣíìfù, ẹ má béèrè "ṣé kò sí wàhálà?" Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún ìyẹn nílẹ̀ wa: "A dúpẹ́, mà." Ẹ béèrè pé: "Kí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ lónìí tí Ọlọ́run yọ wá?" Irú ìbéèrè yìí yé wa, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn, pẹ̀lú àṣìṣe tiyín gan-an. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹlòmíràn tó fọhùn. Ẹ má jẹ́ kó sú yín.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín tó ń sunkún ló kù, òun ló sì ṣe kánjúkánjú jù. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, ẹ má pè é jókòó kí ẹ sì da méjèèjì pọ̀. Ẹ wá ibi tí ojú ò ti ní wà lára yín, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí nìkan: "Mo rí i pé o ò rẹ́rìn-ín mọ́, wọ́n sì ní o sunkún. Ọkàn mi ò balẹ̀ lórí ẹ. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?" Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ẹ má ní "ìwọ nìkan kọ́, gbogbo wa là ń fara dà á". Ẹ má sì fi àdúrà dí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Ẹ lè gbàdúrà fún un lẹ́yìn ìgbà tó bá ti sọ̀rọ̀.

Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ló fa á gbẹ. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé irú àárẹ̀ yìí nínú ìwé àkójọ àìsàn wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tí wàhálà ibi iṣẹ́ tí a kò bójú tó ń fà: okun á tán lára ènìyàn, iṣẹ́ á sú u débi pé kò ní bìkítà mọ́, á sì dà bíi pé kò lè ṣe nǹkan kan yọrí. Wọ́n sọ gbangba pé kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ìsoríkọ́ ni, àìsàn gidi nìyẹn. Bí inú rẹ̀ bá ti bàjẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, tí oorun àti oúnjẹ ti dàrú, tó ń rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò wúlò, ó yẹ kó rí dókítà. Oṣù kan lẹ kọ sínú lẹ́tà yín. Torí náà, ẹ má dúró wò ó. Ẹ bi í tààrà pé: "Ṣé ó ti ṣe ọ́ bíi kó o má wà láyé mọ́?" Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà síni lọ́kàn, ara máa ń tu ẹni tí wọ́n bá bi í ni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ bá a lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì n'Ìbàdàn, lọ́jọ́ náà.

Mo mọ ohun tó máa bà á lẹ́rù: "Wọ́n á ní mo ti ya wèrè, wọ́n á lé mi níṣẹ́." Ẹ fi dá a lójú pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ní dé etí kẹta láìjẹ́ pé ó mọ̀, àfi tí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu. Òfin pàápàá wà lẹ́yìn irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò èyí tí wọ́n ti ń lò láti ayé òyìnbó amúnisìn, tó jẹ́ pé wèrè lòfin àtijọ́ ń pe gbogbo ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ bá ṣàìsàn. Òfin tuntun náà kò fàyè gba kí a ya ènìyàn sọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Àwa Yorùbá ni kò sì yẹ kí ojú máa tì jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Aro, l'Abẹ́òkúta níbí, ni dókítà ọpọlọ kan, Thomas Adeoye Lambo, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954 sí í tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ láàárín ará abúlé, tí ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ níwọ̀nba bí agbára wọn ṣe mọ. Àwọn oníṣègùn láti òkèèrè wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa. Bí dókítà bá gbà kí ọmọ yín máa ṣiṣẹ́ lọ, ẹ mú un kúrò lórí ṣíìfù òru fún ìgbà díẹ̀, ẹ dín ẹrù rẹ̀ kù, kó sì tún wà láàárín yín.

Nǹkan tí mo ń sọ yìí ò lè dúró bí róstà yín bá ṣì rí bó ṣe rí. Iṣẹ́ ènìyàn méjìlélógún ni mẹ́rìnlá ń ṣe. Ní London, láti 1985, onímọ̀ ìlera kan, Michael Marmot, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tẹ̀ lé òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ọ̀gá tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn wọn ni àìsàn ọkàn máa pa. Àwọn tó wà nísàlẹ̀, tí wọn ò lẹ́nu nínú bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ, ni àìsàn ọkàn mú jù. Ẹ̀yin ò lè mú nọ́ọ̀sì mẹ́jọ padà láti ìlú Ọba, ṣùgbọ́n ẹ lè gbé róstà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí wọ́n sì jókòó tò ó pẹ̀lú yín. Ẹni tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ mọ òru tí kò lè ṣe. Ẹni tó ń gbé Moniya mọ aago tí ọkọ̀ ń tán. Ẹni tó bá ṣe òru kò gbọ́dọ̀ dúró de ìpàdé àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá gba ìsinmi ọdọọdún lo gbogbo rẹ̀, kí ẹ má sì pè é lórí fóònù láàárín rẹ̀.

Nípa ọjọ́ ìlera ọpọlọ tí ọ̀gá yín fẹ́, mi ò ní kí ẹ kọ̀ ọ́ lójú. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà wọn lórí ìlera ọpọlọ níbi iṣẹ́ jáde ní 2022, lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbà níyànjú ni kí a tún ètò iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe, kí a sì kọ́ àwọn ọ̀gá. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ìsoríkọ́ àti àìbalẹ̀ ọkàn ń gba nǹkan bí bílíọ̀nù 12 ọjọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ aráyé lọ́dọọdún. Ẹ fi èyí han ọ̀gá yín, torí èdè owó ló máa ń yé àwọn onílé ìwòsàn. Ẹ wá bẹ̀ ẹ́ pé owó ẹ̀wù yẹn, kó fi san owó nọ́ọ̀sì aláàbọ̀ṣiṣẹ́ kan fún yàrá ìgbẹ̀bí ní ìrọ̀lẹ́, àní bó jẹ́ oṣù méjì péré.

Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Nínú gbogbo lẹ́tà yín, ẹ ò sọ ẹni tí ẹ̀yin ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kígbe mọ́ni lójoojúmọ́, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Mo fẹ́ kí ẹ wá mátírọ́ọ̀nù kan tí kì í ṣe ti ilé ìwòsàn yín, kí ẹ máa rí ara yín, kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín.

Lọ́la, ẹ pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fún wọn ní àga. Ẹ sọ fún wọn pé ó dùn yín pé wọn ò sọ fún yín, àti pé ẹ ti ronú lórí ohun tí ẹ ti ń ṣe tó fi jẹ́ pé wọn ò lè sọ ọ́. Ẹ tọrọ àforíjì lórí apá tiyín. Wọ́n lè wolẹ̀, kí wọ́n ní "ẹ ò ṣẹ̀ wá, mà". Ẹ má gba ìyẹn bí ìdáhùn. Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kejì pé: "Kí ni mo sọ nígbà kan rí tó jẹ́ kẹ́ ẹ dákẹ́?" Bí ọ̀kan nínú wọn bá sọ òótọ́, ẹ fi bírò kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ wá kọ̀wé sí mi bó ṣe lọ.